Ibi Tí Ẹ̀ṣọ́ Kò Ti Rí Bàbá Mi

Ọdún méjìdínlógójì ni bàbá mi fi ṣe akọ̀wé ẹrù ní èbúté. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí, kó gbé pátákó ìkọ̀wé dání, kó máa fa ìlà kan fún àpò kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Á fa ìlà mẹ́rin, á fi ìkarùn-ún dábùú wọn, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tó fi kún un fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń wá ibi tí àwọn alááru ń sá pamọ́ sí láti sinmi. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ògiri, ó lè jẹ́ abẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì lè jẹ́ àárín àpò. Tó bá ti rí ibẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, nígbà tó bá máa fi di ọjọ́ kejì wọ́n á ti dí ibẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá ń ròyìn rẹ̀ fún wa nílé. "Kò síbi tí wọ́n fẹ́ gbà," ló máa ń wí, á sì máa jẹun rẹ̀ lọ.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin wà lára àwọn alááru yẹn. Ẹ̀yìn máa ń dùn ún. Ó ní ibì kan lẹ́yìn ilé iyọ̀ tó ti máa ń na ẹ̀yìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó padà sídìí iṣẹ́. Bàbá mi rí i níbẹ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń kọ ti àwọn yòókù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lé e. Ìyá mi kò pariwo, kò sì kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó kàn dákẹ́ ni. Fún ọdún mọ́kàndínlógún, títí ó fi kú, ó ń se oúnjẹ bàbá mi, ó ń gbé e síwájú rẹ̀, kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ, èmi ló máa sọ ọ́ fún. "Sọ fún bàbá ẹ pé omi ti gbóná." Bàbá wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Èmi náà á yíjú sí i, màá tún un sọ bí ẹni pé kò gbọ́. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, láàárín èèyàn méjì tó jókòó sídìí tábìlì kan náà.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ "o káre" lẹ́nu bàbá mi rí nínú ilé wa. Ọdún tí mo gba ipò kìíní ní kíláàsì, ó wo káàdì mi lọ wò ó bọ̀, ó ní, "Ta ló ṣe ìkejì? Máàkì mélòó lo fi jù ú lọ?" Mo ní mẹ́rin ni. Ó dá káàdì náà padà fún mi, ó ní, "Mẹ́rin péré." Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá "o káre" yẹn kiri, n kò ní í parọ́ fún yín. Mo ti lé lógójì ọdún, mo ṣì ń wá a.

Ọdún kejì tí ìyá mi kú ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ẹnu rẹ̀ kò kú, ìyẹn ló sì burú jù níbẹ̀. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń wọṣọ fún un, èmi ni mò ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ní gbogbo ìgbà yẹn ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Omi ti tutù. Ọṣẹ ti pọ̀ jù. Báyìí kọ́ ni wọ́n ṣe ń ká aṣọ. Obìnrin kan máa ń wá lọ́jọ́rú láti ilé ìwòsàn láti na ẹsẹ̀ rẹ̀, òun nìkan ló máa ń bá sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Á kí i, á bi í léèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Tó bá ti jáde báyìí, ojú bàbá mi á tún korò.

Ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí èmi ń ṣe kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe géèmù orí tẹlifíṣàn, àwa mẹ́sàn-án ni wọ́n sì gbà láti máa gbá a kó tó jáde sọ́jà. Inú ìlú oníṣòwò kan nílẹ̀ Jàpáánì láyé àtijọ́ ni géèmù náà wà. Odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ló la àárín ìlú náà kọjá, afárá onígi wà lórí rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí funfun tò lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ ojú omi ń kó ìrẹsì àti òróró wọlé, ìlẹ̀kùn ilé wọn sì jẹ́ bébà, òjìji ẹni tó wà nínú ilé máa ń hàn lára rẹ̀. Amí ni ẹni tó ń gbá a. Ó ní láti la ìlú náà já, kó gba orí òrùlé, kó gba abẹ́ afárá, kó sá sẹ́yìn àgbá, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ onídà má bàa rí i. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á ṣá a pa, ojú tẹlifíṣàn á ṣú, ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan á sì yọ síbẹ̀: A TI RÍ Ọ.

Iṣẹ́ tiwa ni ká máa wá ihò. Ihò là ń pe ibikíbi tí èèyàn lè jókòó sí nínú ìlú náà tí ẹ̀ṣọ́ kankan kò ní í rí i láé. Àwọn ọ̀gá ní ìyẹn kò dáa, pé ẹni tó bá ti rí irú ibẹ̀ kò ní í bẹ̀rù mọ́, ẹni tí kò bá sì bẹ̀rù kò ní í gbádùn géèmù. Ẹni tó bá rí ihò á kọ ibi tó wà àti bí wọ́n ṣe ń dé ibẹ̀. Wọ́n á dí i, ìlú tuntun á dé sórí gbogbo ẹ̀rọ wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹlòmíràn nínú wa á wá lọ dúró síbẹ̀ kí wọ́n pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin ni, ẹni tó rí ihò kọ́ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá ti pa onítọ̀hún lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì fọwọ́ sí i, wọ́n á fi kan kún iye tó wà níwájú orúkọ ẹni tó rí ihò náà lára ògiri.

Ẹ ti rí i. Mo sá fún bàbá mi títí, mo lọ gba iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ láti máa lò nílé, tèmi sì wà ní pálọ̀, níwájú àga bàbá mi, torí pé kò síbòmíràn tí mo lè gbé e sí. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Obìnrin tó tóbi tó báyìí, tẹlifíṣàn ló fi ń ṣeré." Ó ṣe, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù sórí apá àga rẹ̀, mo lọ gbé omi kaná. Nígbà tí mo padà dé, ó ti fi ọwọ́ òsì gbé páàdì náà lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò tì í. Ọkọ̀ ìrẹsì kan ló ń wò lórí odò, àwọn alááru ń já ẹrù rẹ̀.

Ó ní, "Àpò mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Mẹ́sàn-án ló bọ́ sílẹ̀. Méjì dà?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo ti fi ń rìn nínú ìlú yẹn, mi ò ka àpò rí.

Bó ṣe di èrò ìlú oníṣòwò nìyẹn. Ọwọ́ kan kò tó fún géèmù yẹn o. Tó bá fẹ́ rìn, kò ní í lè wo ẹ̀gbẹ́. Tó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, á dúró gbagidi sójú títì. Kò lè sáré, kò lè yọ idà. Wọ́n ń pa á lẹ́nu ibodè, wọ́n ń pa á lórí afárá kìíní, wọ́n ń pa á níwájú ṣọ́ọ̀bù olóròóró. Èmi náà á jókòó tì í, màá máa gbádùn ara mi. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ rí èèyàn, kò síbi tó yà sí tí wọn kò rí i. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan títí omi fi bọ́ lójú mi, ó sì gbọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ibodè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó pè mí láti kíṣìnnì.

"Ìwọ yìí. Wá wò ó."

Amí rẹ̀ jókòó sáàárín ògiri funfun méjì, odò wà níwájú rẹ̀ gbalasa. Ẹ̀ṣọ́ kan kọjá, kò wò ó. Òmíràn kọjá, òun náà kò wò ó. Mo fa àga mọ́ra, mo jókòó. Mo ní kó sọ bó ṣe dé ibẹ̀ fún mi.

"Kọjá afárá kẹta. Gun àgbá omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù olóròóró. Rọra gba orí òrùlé ilé iyọ̀, kó o wá bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. O ò ní lo ju ọwọ́ kan lọ." Ó ń sọ̀rọ̀, kò gbójú kúrò lára odò. "Àwọn alááru mọ ibi tó dáa. Ẹ̀yìn ilé iyọ̀ máa ń tutù. Ẹni tó bá sì ń bọ̀, òjìji ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ."

Mo ní, "Ṣé irú ibẹ̀ náà lẹ ti rí àbúrò Màámi?"

"Irú ẹ̀ náà ni."

"Ṣé kò dùn yín, Bàbá?"

"Kí ló máa dùn mí níbẹ̀? Iṣẹ́ ni." Ọkọ̀ kan wọlé, ó ka àpò rẹ̀ sínú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Ó ti sùn lọ. Ó la ẹnu sílẹ̀. Mo dúró díẹ̀ kí n tó kọ ọ́."

Mo jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀, ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde. Kò bú mi. Kò sọ pé mò ń mí sókè jù. Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn débi pé mo gbàgbé omi tí mo gbé kaná, ìkòkò jóná. Àtìgbà yẹn, tó bá ti jí láàárọ̀, tí mo bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀yìn ilé iyọ̀ ló ń lọ. Á wà níbẹ̀ títí màá fi tibi iṣẹ́ dé. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀, ó bi mí pé oògùn wo ni mò ń fún un.

Mo mọ̀ pé ihò ni. Mo mọ̀ ọ́n láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Mo gbé e mì, mi ò kọ ọ́.

Ọ̀gá wa, ẹni tí à ń pè ní Kò-Dá-Mi-Lójú nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ló kó wa jọ níwájú ògiri lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó ní géèmù ti fẹ́ẹ̀ parí, àwọn ò nílò wa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ́. Mẹ́rin ló máa kù. Ihò tí kálukú rí ni wọ́n máa fi mú wọn, wọ́n sì máa pa ìwé dé ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Gbogbo wa yíjú sí ògiri. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ti lọ jìnnà. Èmi àti Ìyá Ìbejì la dọ́gba nípò kẹrin, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ìyá Ìbejì ló ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi ọdún mélòó kan jù mí, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ́ gba abẹ́ afárá. Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó wá kù sọ́wọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá yá jù," ó wí.

Mo wá ihò lọ́sẹ̀ yẹn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Mo fi ìka tọ gbogbo òrùlé ìlú yẹn. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan, mo kọ ti àpò tí bàbá mi sọ, mọ́kànlá wọlé, mẹ́sàn-án bọ́ sílẹ̀. Kò-Dá-Mi-Lójú kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló fẹ́ jókòó máa ka àpò nínú géèmù? Ìyẹn kì í ṣe ihò." Mo ní bàbá mi ń kà á. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Tí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ bùkátà ilé, obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ kò ní í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń tòògbé nítorí mi ò sùn dáadáa, omi ọṣẹ ta sí i lójú. Ó ní, "Bí ìyá ẹ ṣe rí náà nìyí. Kò mọ nǹkan kan ṣe àfi kó dákẹ́." Mo nu ojú rẹ̀, mo gbé e sórí àga, mo fi páàdì lé e lọ́wọ́. Mo kórìíra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn dé egungun. Ó ti kọjá afárá kìíní kí n tó jáde nílé.

Mo dé ibi iṣẹ́, mo kọ ọ́. Afárá kẹta, àgbá omi, òrùlé ilé iyọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n lè tètè dí i, kí wọ́n má sọ pé kékeré ni, mo fi ọ̀rọ̀ kan kún un: ẹni tó bá ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbá a lè dé ibẹ̀.

Kò-Dá-Mi-Lójú pè mí. "Ọwọ́ kan? Kò dá mi lójú. Báwo lo ṣe mọ̀?"

Mo ní, "Mo ti dán an wò, ọ̀gá."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìlú tuntun dé. Ìyá Ìbejì ni wọ́n fún ní ihò mi láti yẹ̀ wò. Bóyá Kò-Dá-Mi-Lójú mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni o, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀, mi ò bi í. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó bó ṣe ń gun àgbá omi, bó ṣe ń rọra gba orí òrùlé, bó ṣe bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ méjì ti wà níbẹ̀. Wọ́n ṣá a lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ṣá a lẹ́ẹ̀kejì. Ó mọ ohun tí ẹ̀ẹ̀kẹta máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè sọ pé wọn ò rí òun, kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ó lọ dúró síbẹ̀, wọ́n ṣá a, ó sì fọwọ́ sí i.

Lọ́sàn-án, ó kó ife rẹ̀ àti súwẹ́tà rẹ̀ sínú báàgì. Ó dúró tì mí díẹ̀.

"Ibẹ̀ dáa o," ó wí. "Gbogbo odò ló hàn. Ká ní èmi ni mo rí i, mi ò mọ̀ bóyá màá lè kọ ọ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú sí mi, mà."

"Mi ò bínú. Kí Bàbá ẹ o."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Bàbá mi jókòó bí mo ṣe gbé e kalẹ̀ láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn wà lójú tẹlifíṣàn. Ìwé kékeré kan wà lórí orúnkún rẹ̀, ó ti fi ọwọ́ òsì fa ìlà sí i, wọ́n wọ́ gbágungbàgun bí ìlà ọmọ jẹ́léósinmi, mẹ́rin mẹ́rin, ìkarùn-ún dábùú. Mo kà wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni wọ́n ti pa á.

Mo bọ́ bàtà mi, mo kí i. Ó ní, "Ẹ̀ṣọ́ méjì. Ọ̀kan ń wo orí òrùlé, èkejì ń wo odò."

"Wọ́n máa ń yí ìlú náà padà lọ́jọ́ Ajé, Bàbá."

"Mo mọ̀." Ó na ìka sí tẹlifíṣàn. "Ẹ̀ṣọ́ kì í kàn yà sí ẹ̀yìn ilé iyọ̀ lásán. Mo ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí. Ẹnì kan ló máa ń kọ ọ́ sínú ìwé fún wọn."

Mo dúró síbẹ̀, báàgì wà léjìká mi. Mo lè parọ́. Ẹnu mi ti là láti pa á.

Ó ní, "Ìwọ ni."

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé iṣẹ́ ẹ ò bọ́?"

"Kò bọ́."

Ó mi orí bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ pé. Ó ká ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sí àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó wá na páàdì náà sí mi. Nígbà tí mo gbà á, ó gbójú sókè wò mí, n kò rántí ìgbà tó ti wò mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"O káre," ó wí.

Oṣù mẹ́jọ rèé. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ihò mi ti di mẹ́rìnlélógójì. Mo ti gbìyànjú láti gbé páàdì lé e lọ́wọ́, kò gbà á. Mo ti wá ibòmíràn fún un nínú ìlú yẹn, èyí tí mi ò ní í kọ láé, mo ṣí i sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó yíjú sí ògiri. Ẹnu rẹ̀ kò sì kú o, ara rẹ̀ dá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n "o káre" yẹn ni ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn. Lọ́jọ́rú tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé bàsíà kalẹ̀ níwájú rẹ̀ ni obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ wọlé. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, ó bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà bàbá mi ti ìka bọ omi.

"Jọ̀ọ́," ó sọ fún obìnrin náà, "bá mi sọ fún ọmọ mi pé omi yìí ti tutù."

Obìnrin náà wò ó, ó wò mí. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, táwẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ mi, mò ń dúró kí obìnrin náà tún un sọ fún mi.